Baker, ọkùnrin tí ó sọ igi gbígbìn di ijó

Ní ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 1922, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí iye wọn tó 3,000 péjọ sí ibùdó kan ní ilẹ̀ Kikuyu, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ti ṣe ara wọn lọ́ṣọ̀ọ́ fún ijó. Kì í ṣe ijó ogun ni wọ́n wá jó, kì í sì í ṣe ijó ìkórè. Ijó igi ni. Irú ijó bẹ́ẹ̀ kò sí nílẹ̀ wọn rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹni tí ó dá a lábàá ni olùtọ́jú igbó kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard St. Barbe Baker.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ni a mú wá fún yín lónìí. Ó lo 92 ọdún láyé, ó sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún igi. Ó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà tí ó múlé ti wa, ó sì la aṣálẹ̀ Sàhárà já. Ìtàn rẹ̀ kan àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́ gidigidi, nítorí ó mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìjọba ìgbà náà kò mọ̀: igi tí a bá fi ipá mú ènìyàn gbìn kì í pẹ́ kú, ṣùgbọ́n igi tí àwọn ará ìlú bá fi ẹnu ara wọn ṣe ìlérí lé lórí, ó ti ní alágbàtọ́.

Ọmọ ọlọ́gbà igi

A bí Baker ní ọjọ́ 9, oṣù kẹwàá, ọdún 1889, ní abúlé kan tí a ń pè ní West End, nítòsí ìlú èbúté Southampton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi dàgbà. Láti kékeré ni ọmọ náà ti mọ iṣẹ́ ọgbà náà. Ilé wọn kò jìnnà sí igbó, ó sì fẹ́ràn láti máa rìn lábẹ́ àwọn igi ńlá.

Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ 20 ọdún, ó kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Kánádà. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní ìlú Saskatoon, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà náà. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ibẹ̀.

Ní Kánádà, ojú rẹ̀ rí ohun méjì tí kò gbàgbé títí ó fi kú. Èkínní, ó bá àwọn agégi ṣiṣẹ́ nínú igbó, ó sì rí bí wọ́n ṣe ń gé igi ńláńlá tí wọ́n sì ń fi èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣòfò. Èkejì, ó rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti hú igi kúrò lórí rẹ̀ tí wọ́n sì ti tú ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí kò sí igi tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró mọ́, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé erùpẹ̀ ilẹ̀ lọ. Oko tí ó lọ́ràá ń di eruku. Baker rí i pé ebi ni yóò tẹ̀lé e.

Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ní ìlú Cambridge, nítorí ó ń rò pé òun yóò di àlùfáà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1914, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Baker lọ sójú ogun, ó sì fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Cambridge, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa igbó ni ó kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọdún 1920, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Kẹ́ńyà gẹ́gẹ́ bí igbákejì olùtọ́jú igbó.

Ilẹ̀ tí kò rí àyè sinmi

Àgbẹ̀ ni àwọn Kikuyu. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ṣán igbó, wọ́n á sun ún, wọ́n á fi dá oko fún ọdún mélòó kan. Bí ilẹ̀ náà bá rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á lọ sí ibòmíràn. Igbó á sì hù padà. Àwa náà mọ irú àṣà yìí dáadáa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Bí ilẹ̀ bá pọ̀ tí ènìyàn kò sì pọ̀, àṣà náà dára, nítorí ilẹ̀ á rí àyè sinmi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Baker dé Kẹ́ńyà, àyè ti há. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó dára jù, wọ́n sì ti pín in fún àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun. Ilẹ̀ tí ó kù fún àwọn Kikuyu kò tó wọn mọ́. Wọn kò rí ibi tí wọn yóò ṣí lọ, nítorí náà wọ́n ń dá oko sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún. Igbó kò ráyè hù padà. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí òkè tí kò ní igi, ọ̀gbàrá á wọ́ ilẹ̀ olọ́ràá lọ sínú odò.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ yìí kí a tó tẹ̀ síwájú. Ìjọba amúnisìn ni Baker ń bá ṣiṣẹ́, ìjọba náà gan-an ni ó sì fún àwọn Kikuyu mọ́ ibi tóóró. Kò sí ní ìkáwọ́ Baker láti dá ilẹ̀ padà. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni bí yóò ṣe bá àwọn ènìyàn náà lò.

Owó tí ìjọba fún iṣẹ́ igi gbígbìn kò tó nǹkan. Láyé ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá aláwọ̀ funfun ì bá ṣe ni kí wọ́n fi ipá kó àwọn ọ̀dọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Baker kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí a fi ipá mú gbin igi yóò gbìn ín lójú ọ̀gá, yóò sì jẹ́ kí ó gbẹ lẹ́yìn ọ̀gá. Ó lọ jókòó ti àwọn àgbà, ó sì ní kí àwọn jọ rò ó.

Èsì àwọn àgbà ni pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni igi. Àwọn igi ńlá a máa da irúgbìn wọn sílẹ̀, irúgbìn náà a sì máa hù fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ènìyàn gbìn ín. Baker gbà pé òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wọ́n pé àwọn igi ńlá tí ń da irúgbìn sílẹ̀ náà ni a ń gé. Bí a bá gé ìyá igi tán, kò ní sí ẹni tí yóò bí ọmọ.

Ijó igi

Nígbà tí Baker ń gbé láàárín wọn, ó kíyè sí ohun kan. Gbogbo iṣẹ́ pàtàkì ni ó ní ijó tirẹ̀ láàárín àwọn Kikuyu. Bí wọ́n bá fẹ́ gbin ẹ̀wà, ijó wà fún un. Bí wọ́n bá kórè àgbàdo, ijó wà fún un pẹ̀lú. Ijó ni wọ́n fi ń sọ fún gbogbo ìlú pé iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Igi nìkan ni kò ní ijó. Baker wá dá a lábàá pé kí àwọn jọ dá ijó sílẹ̀ fún igi.

Olóyè Josiah Njonjo, ọ̀kan nínú àwọn olóyè Kikuyu, gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó sì ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fi màlúù sanra kan ṣe ẹ̀bùn fún ọ̀dọ́kùnrin tí ìmúra rẹ̀ bá dára jù. Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ṣe ẹ̀bùn fún ọmọbìnrin tí ó bá rẹwà jù. Ìròyìn kàn káàkiri. Nígbà tí ọjọ́ pé, 3,000 ọ̀dọ́kùnrin ni ó jáde.

Baker bá wọn sọ̀rọ̀ nípa igbó tí ń tán lọ, ó sì béèrè àwọn tí yóò fi tinútinú ya ara wọn sọ́tọ̀ láti máa dáàbò bo igi. Láàárín àwọn tí ó jáde wá, a yan 50 láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Àwọn 50 yìí búra níwájú Ngai, orúkọ tí àwọn Kikuyu ń pe Ọlọ́run. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣèlérí. Wọn yóò dáàbò bo igbó ìbílẹ̀. Olúkúlùkù wọn yóò gbin igi ìbílẹ̀ mẹ́wàá lọ́dọọdún. Wọn yóò sì máa tọ́jú igi níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. A so àmì kan mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́ òsì, kí gbogbo ènìyàn lè dá wọn mọ̀.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà lédè Swahili ni Watu wa Miti, ìyẹn ni pé àwọn ènìyàn igi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe àkọmọ̀nà wọn ni Twahamwe, tí ó túmọ̀ sí pé kí gbogbo wa fà á pọ̀ bí ẹnì kan. Àwọn baba wa náà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ènìyàn 50 bá gbin igi mẹ́wàá mẹ́wàá, igi 500 ni lọ́dún kan. Ní ọdún mẹ́wàá, ó di 5,000. Kò sí owó ìjọba ńlá nínú èyí. Ìlérí ni, àti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é.

Baker tún fi ọ̀nà kan hàn wọ́n tí kò ní dí oko lọ́wọ́. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ṣán oko tuntun, yóò gbin ọmọ igi ìbílẹ̀ sáàárín àgbàdo tàbí iṣu rẹ̀, bíi igi sídà àti igi òlífì ilẹ̀ náà. Bí ó bá ń roko fún àgbàdo, ó ń roko fún igi pẹ̀lú. Nígbà tí ilẹ̀ bá rẹ̀ tí ó sì fi oko náà sílẹ̀, igi ti ga. Igbó tuntun á ti bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìjù nìkan ì bá wà.

Ìdí tí ó fi jẹ́ igi ìbílẹ̀

Ẹ kíyè sí i pé ìlérí àwọn Kikuyu kì í ṣe láti gbin igi èyíkéyìí. Igi ìbílẹ̀ ni wọ́n dárúkọ. Igi ìbílẹ̀ mọ òjò ilẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ ọ̀dá ilẹ̀ rẹ̀. Ẹyẹ àti ẹranko ilẹ̀ náà mọ èso rẹ̀. Àwọn ènìyàn mọ ewé rẹ̀, èèpo rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀ fún oúnjẹ àti fún oògùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àyíká wa. Igi tíìkì tí a ń gbìn káàkiri wúlò. A ń tà á, a sì ń fi ṣe òpó àti pákó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe irú láti ara tíìkì. Igi igbá ni ó ń fún wa ní irú. Igi òrí ni ó ń fún àwọn ìyá wa ní òrí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Bí a bá gé igi igbá kan fún èédú, a tà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì parí. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò máa fún ilé ní owó lọ́dọọdún, títí dé ọwọ́ àwọn ọmọ.

Baker láàárín àwọn igi ọ̀gànwó

Ní ọdún 1924, Baker padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú orúkọ Men of the Trees. Láti ọdún 1925 títí di 1929, ó ṣiṣẹ́ igbó ní gúúsù Nàìjíríà. Ìlú Ìbíní tí ó wà ní Nàìjíríà ni igbó tí ó ń tọ́jú yí ká. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orílẹ̀-èdè wa Benin ni a ń wí.

Igi tí ó pọ̀ nínú igbó náà tí àwọn òyìnbó sì ń wá lójú méjèèjì ni ọ̀gànwó. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó o lọ sí Yúróòpù, wọ́n sì ń fi ṣe àga àti tábìlì fún àwọn olówó. Iṣẹ́ Baker ni kí ó rí i pé ọ̀gànwó kò tán nínú igbó.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọ̀gànwó kì í fẹ́ dá wà. Bí a bá gbin ọ̀gànwó nìkan sójú kan náà lọ súà, kòkòrò kan a máa lu orí ọmọ igi náà, a sì máa jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, tí igi náà kò fi ní lè ga tààrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrókò rí. Kòkòrò kékeré kan a máa mú kí ewé ọmọ ìrókò wú, kí ó sì rà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà láàárín àwọn igi mìíràn, bí wọ́n ṣe máa ń wà nínú igbó, kòkòrò náà kì í rí wọn pa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbin igi ìbílẹ̀. Kí ó gbìn wọ́n papọ̀ mọ́ oríṣìíríṣìí igi, kí ó fara wé igbó.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Baker tí ó yẹ kí a mọ̀. Nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Áfíríkà, aláwọ̀ funfun kan fẹ́ lu Kikuyu kan. Baker bọ́ sáàárín wọn, ìlù náà sì ba èjìká rẹ̀. Láyé amúnisìn, kì í ṣe ohun kékeré ni kí òyìnbó kan duro gba ìyà tí òyìnbó mìíràn fẹ́ fi jẹ aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ó bá ìwà rẹ̀ mu. Ẹni tí kò fẹ́ fi ipá mú ènìyàn gbin igi kò ní lè dúró kí ó máa wo bí a ti ń lu ènìyàn.

Láti Sàhárà títí dé òpin ayé

Lẹ́yìn ọdún 1929, Baker kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ́. Ó wá di oníwàásù igi káàkiri ayé. Ó lọ sí Palẹsìtáínì, ó sì ṣètò igi gbígbìn níbẹ̀. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn igi ńláńlá kan wà ní California tí ọjọ́ orí wọn ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Àwọn agégi ti ń gé wọn. Baker wà lára àwọn tí ó pariwo, tí ó sì wá owó láti dáàbò bo àwọn tí ó kù. Ó kọ ìwé tí ó ju 20 lọ.

Ní ọdún 1952, ó kó àwọn mélòó kan lẹ́yìn, wọ́n sì fi ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà já. Ìrìn àjò náà tó nǹkan bí 14,500 kìlómítà. Baker fẹ́ mọ ibi tí aṣálẹ̀ náà dé, àti ohun tí a lè ṣe láti dá a dúró. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí Sàhárà ká pawọ́ pọ̀ gbin igi bí ẹni mọ odi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí àlá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, ní ọdún 25 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Odi Ńlá Aláwọ̀ Ewé, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Jìbútì. Àwa tí ń gbé Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí Sàhárà jẹ́, bí a kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbé eruku rẹ̀ wá títí dé orí òkè wa.

Nígbà tí ó lé ní 70 ọdún, tí ó ti ń gbé ní New Zealand pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó gun ẹṣin la orílẹ̀-èdè náà já. Ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń lọ, ó ń bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa igi. Ní ọdún 1978, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá.

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 1982, Baker gbin igi kan ní Saskatoon, ní ìlú tí ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbà èwe rẹ̀. Igi tí ó gbìn kẹ́yìn nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 9, oṣù kẹfà, ó kú ní ìlú náà, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ rẹ̀ yí orúkọ padà sí International Tree Foundation. Ẹgbẹ́ náà ṣì ń bá iṣẹ́ lọ, Kẹ́ńyà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ní Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni ó gbé iṣẹ́ igi dé ibi gíga. Ní ọdún 1977, obìnrin Kikuyu kan, Wangari Maathai, dá ẹgbẹ́ Green Belt sílẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń tọ́ ọmọ igi nínú ọgbà wọn, wọ́n sì ń gbìn ín sóko. Wọ́n gbin ọ̀kẹ́ àìmọye igi. Ní ọdún 2004, a fún Maathai ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà. Ó kú ní ọdún 2011.

Ohun tí ìtàn yìí ń wí fún Ṣábẹ̀ẹ́

Ní orílẹ̀-èdè tiwa náà, láyé àwọn Faransé, àṣẹ ni ó ṣáájú. Ní ọdún 1935, ìjọba Faransé gbé òfin igbó jáde fún gbogbo ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ya àwọn igbó ìjọba sọ́tọ̀, bíi igbó Toui àti Kilibo tí ó wà ní àríwá Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ láti gé igi á san owó ìtanràn. Òfin náà dá igi díẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ó tún mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igbó kì í ṣe tiwọn mọ́, pé ti ìjọba ni. Ohun tí kì í ṣe teni, ènìyàn kì í sábà ṣọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa ti ní ọ̀nà tiwọn. Igbó òrìṣà ṣì wà ní ọ̀pọ̀ abúlé Nàgó, kò sì sí ẹni tí ń yọ àáké nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù owó ìtanràn ni ó dá a sí. Ìlérí tí àwọn ará ìlú bá àwọn baba ńlá wọn ṣe ni. Ní ọdún 2012, ìjọba Benin fi ìwé àṣẹ gba àwọn igbó bẹ́ẹ̀ mọ́ra gẹ́gẹ́ bí igbó tí ó yẹ kí òfin dáàbò bò.

Láti ọdún 1985 ni ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ti jẹ́ Ọjọ́ Igi ní Benin. Ní ọdún 2013, ìjọba tún ṣe ìpolongo pé kí ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́wàá gbin igi mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ọjọ́ náà dára, àkókò rẹ̀ sì dára, nítorí òjò ti ń rọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbígbìn ni ó rọrùn jù. Òjò á dá ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni iná ìgbẹ́ yóò dé. Ewúrẹ́ á wá, màlúù á wá, oòrùn á mú. Ọmọ igi tí kò ní alágbàtọ́ kò ní rí òjò ọdún kejì.

Ẹ wo ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Kútọnu. Ẹ ó rí àpò èédú lórí àpò èédú, tí a fi igi agbègbè wa sun. Kò sí ẹni tí yóò bá ẹni tí ebi ń pa wí pé ó sun èédú. Ṣùgbọ́n igi tí ó fi àádọ́ta ọdún dàgbà ni iná ń jó ní ọjọ́ mélòó kan. Bí a kò bá gbin òmíràn, ìyá irúgbìn yóò tán, gẹ́gẹ́ bí Baker ṣe ṣàlàyé fún àwọn àgbà Kikuyu.

Kò pọn dandan kí a dúró de owó láti òkè òkun. Bí ènìyàn 50 ní Kaboua, 50 ní Bèssé, 50 ní Okpara, bá ṣe ìlérí igi mẹ́wàá lọ́dún, igi 1,500 ni. Kí wọ́n yan igi tí ilẹ̀ wa mọ̀: igbá, òrí, ọ̀gànwó, ìrókò, apá. Kí wọ́n gbìn wọ́n sáàárín iṣu àti àgbàdo, kí wọ́n kó ẹ̀gún yí ọmọ igi ká nítorí ewúrẹ́, kí wọ́n ro ìdí rẹ̀ mọ́ kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má bàa rí ohun jó débẹ̀. Kí wọ́n sì sọ ìlérí náà lójú gbogbo ìlú, níwájú ohun tí wọ́n bá kà sí mímọ́. Ìlù wà, ijó wà, àwọn àgbà sì ṣì wà tí yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Àwọn 50 tí ó búra ní ọdún 1922 kò jókòó lábẹ́ gbogbo igi tí wọ́n gbìn. Ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ni ó jókòó síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbin igi kan ní ọjọ́ 1, oṣù kẹfà tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a ti mọ orúkọ ẹni tí yóò máa bomi rin ín ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí kò sì sí ẹni tí ń wò.